Lẹ́tà ṣíṣí sí àwọn tó ń kọ́ ọmọ wa níṣẹ́ yíyàwòrán ilé, lórí ọ̀rọ̀ Lina Bo Bardi

Sí gbogbo olórí ẹ̀ka àti olùkọ́ iṣẹ́ yíyàwòrán ilé ní àwọn yunifásítì àti pólì ilẹ̀ Yorùbá,

Ẹ̀yin ọ̀gá mi, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú làálàá lórí àwọn ọmọ wa. Káfíńtà ni mí ní Ìbàdàn. Àga, tábìlì àti bẹ́ẹ̀dì ni mò ń kàn. Ọmọ mi kan wà lọ́dọ̀ ọ̀kan nínú yín tó ń kọ́ṣẹ́ àkítẹ́ẹ̀tì, inú pákó tí mò ń là sì ni owó ilé-ìwé rẹ̀ ti ń jáde. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ béèrè pé kí ló kan káfíńtà nínú ọ̀rọ̀ yunifásítì, ohun tó kàn mí nìyẹn.

Ohun tí mo wá tọrọ kò pọ̀. Ẹ máa rán àwọn ọmọ yìí wá sí ṣọ́ọ̀bù wa kí wọ́n tó gboyè: ṣọ́ọ̀bù káfíńtà, ti wẹ́dà, ibi tí birikìlà ti ń ṣiṣẹ́. Mo mọ̀ pé SIWES wà, ètò tó ń rán akẹ́kọ̀ọ́ lọ kọ́ṣẹ́ níbi iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ọ́fíìsì ni ọ̀pọ̀ wọn ń bá SIWES lọ, nídìí kọ̀ǹpútà, níbi tí ẹ̀rọ ti ń fẹ́ atẹ́gùn tútù sí wọn lára. Ibi tí eruku igi wà ni mo ń sọ. Ẹni tí mo sì fẹ́ fi ṣe ẹlẹ́rìí mi kì í ṣe ọmọ Nàìjíríà. Obìnrin àkítẹ́ẹ̀tì ará Ítálì kan tó di ọmọ Bràsílì ni, Lina Bo Bardi lorúkọ rẹ̀.

Ọmọ mi ló mú ọ̀rọ̀ obìnrin yìí wálé. Ó fi àwòrán àga kan hàn mí lórí fóònù, ó ní wọ́n ní kí àwọn wá ṣàlàyé rẹ̀ ní kíláàsì. Àga onígi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ni, ìjókòó rẹ̀ rí roboto. Ẹsẹ̀ méjì parí sábẹ́ ìjókòó, ṣùgbọ́n ti ẹ̀yìn gùn kọjá lọ sókè, wọ́n wá fi pákó kékeré kan dábùú orí rẹ̀ kí èèyàn lè rí nǹkan fẹ̀yìn tì. Wọ́n lè tò ó léra. Girafa ni wọ́n ń pè é nítorí ọrùn gígùn yẹn. Mo wò ó títí, n kò rí igi kan tó ṣòfò lára rẹ̀. Mo sọ fún ọmọ mi pé ẹni tó ya àga yìí ti bá káfíńtà jókòó rí. Ó ní òun kò mọ̀, pé orúkọ àti ọdún ni wọ́n fún àwọn. Láti ìgbà náà ni àwa méjèèjì ti jọ ń wá ìtàn obìnrin náà kiri. Òun ń túmọ̀ èyí tó le fún mi, èmi ń ṣàlàyé igi fún un.

Ìlú Róòmù ni wọ́n bí i sí ní ọjọ́ 5 oṣù Kejìlá ọdún 1914, Achillina Bo ni wọ́n sọ ọ́. Ó gboyè àkítẹ́ẹ̀tì ní Róòmù lọ́dún 1939, ọdún tí Ogun Àgbáyé Kejì bẹ̀rẹ̀ gan-an. Ta ló fẹ́ kọ́lé nígbà tí bọ́ǹbù ń wó ilé? Ó kó lọ sí Milan, ó ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ Gio Ponti, gbajúmọ̀ àkítẹ́ẹ̀tì kan níbẹ̀, ó ń kọ̀wé ó sì ń yàwòrán sínú àwọn ìwé ìròyìn ilé kíkọ́, Domus wà lára wọn. Ní 1943 bọ́ǹbù ba ọ́fíìsì rẹ̀ jẹ́. Nígbà tí ogun parí, ó fẹ́ Pietro Maria Bardi tó jẹ́ akọ̀ròyìn àti oníṣòwò iṣẹ́ ọnà ní 1946, wọ́n sì wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Bràsílì lọ́dún yẹn kan náà.

N kò ní sọ fún yín pé ìyà ló gbé e débẹ̀. Assis Chateaubriand, olówó tó ni ìwé ìròyìn rẹpẹtẹ ní Bràsílì, ló ní kí ọkọ rẹ̀ wá dá mùsíọ́mù sílẹ̀ ní São Paulo. Mùsíọ́mù náà, tí gbogbo ayé mọ̀ sí MASP, ṣí ní 1947 nínú ilé ìwé ìròyìn Chateaubriand fúnra rẹ̀. Lina ló tún inú rẹ̀ tò. Ó wá àga tó bá ibẹ̀ mu, kò rí rà, ló bá ya tirẹ̀, onígi àti awọ tó ṣeé ká. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ àga ti wọ̀ ọ́ lára. Ní 1948 òun àti Giancarlo Palanti, àkítẹ́ẹ̀tì ará Ítálì bíi tirẹ̀, dá ilé-iṣẹ́ kan sílẹ̀ tí wọ́n pè ní Studio de Arte Palma, wọ́n ń fi igi Bràsílì, awọ àti aṣọ ọjà ṣe àga. Ọ̀kan wà nínú wọn tó jẹ́ irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n so awọ kọ́. Ara aṣọ tí àwọn ará àríwá Bràsílì máa ń so kọ́ láti sùn nínú ọkọ̀ ojú omi ló ti rí i. Aṣọ yẹn máa ń gba ara ẹni tó bá sùn sínú rẹ̀, bó ti wù kó tóbi tó. Ó fẹ́ kí àga tirẹ̀ náà rí bẹ́ẹ̀.

Èyí tó lókìkí jù lára àga rẹ̀ ni ti 1951. Ìjókòó náà rí bí igbá tí wọ́n gbé lé òṣùká. Òrùka irin kan wà lórí ẹsẹ̀ mẹ́rin, igbá náà kàn jókòó sínú rẹ̀ ni, wọn kò dè é mọ́ ọn. Ẹ lè yí i dojú kọ ibi tó wù yín, ẹ sì lè dà á sẹ́yìn kí ẹ fi sùn. Nígbà ayé rẹ̀, díẹ̀ ni wọ́n ṣe. Ẹ̀yìn ikú rẹ̀ ni ilé-iṣẹ́ Arper ní Ítálì tún un ṣe, 500 péré, owó rẹ̀ sì kọjá ohun tí káfíńtà lè fẹnu sọ. (Awọ àti irin ni, ẹ̀yin èèyàn mi. Kì í ṣe wúrà.)

Ọdún 1951 yẹn náà ló di ọmọ Bràsílì, tó sì kó wọ ilé tirẹ̀ ní Morumbi, São Paulo. Casa de Vidro, ilé onídígí, ni wọ́n ń pè é. Òpó irin tẹ́ẹ́rẹ́ gbé e ró lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkè, dígí ló yí pálọ̀ ká, igi kan sì gba àárín rẹ̀ yọ sókè. Gbogbo ìwé ló ń yìn ín. Bí wọ́n bá fún mi lọ́fẹ̀ẹ́, n kò ní gbébẹ̀. Oòrùn Ìbàdàn ti kọ́ mi lọ́gbọ́n nípa dígí.

Bahia, ìpínlẹ̀ Bràsílì tí Salvador jẹ́ olú-ìlú rẹ̀, ni ìtàn rẹ̀ ti mú mi lọ́kàn. Ní 1958 ó lọ kọ́ni ní Salvador, ní 1959 gómìnà Bahia, Juracy Magalhães, pè é kó wá darí mùsíọ́mù tuntun. Ẹ̀yin náà mọ Salvador. Ibẹ̀ ni wọ́n kó ọ̀pọ̀ nínú àwọn èèyàn wa lọ lẹ́rú, ibẹ̀ ni wọ́n ṣì ti ń kọrin fún Ṣàngó àti Ọ̀ṣun títí dòní. Nígbà tí ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé Bràsílì ń wo Yúróòpù, òun tó ti Yúróòpù wá ń lọ sí ọjà. Ó ń kó ohun tí tálákà fi ọwọ́ ṣe jọ: fìtílà tí wọ́n fi gílóòbù tó ti jó ṣe, ife tí wọ́n gé lára agolo òróró, kúbùsù tí wọ́n fi àjákù aṣọ rán. Kò kó o jọ láti fi ṣàánú ẹnikẹ́ni. Ohun tó ń sọ ni pé bí Bràsílì bá máa ní iṣẹ́ ọnà ilé-iṣẹ́ tirẹ̀, ọgbọ́n ọwọ́ yìí ló yẹ kó ti bẹ̀rẹ̀.

Ilé ṣúgà àtijọ́ kan wà létí òkun ní Salvador, Solar do Unhão, tí ìpilẹ̀ rẹ̀ ti wà láti ọ̀rúndún kẹtàdínlógún. Ó tún un ṣe fún mùsíọ́mù, wọ́n sì ṣí i ní 1963. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ bá mi wo àtẹ̀gùn inú rẹ̀, nítorí n kò tíì rí àwòrán tó dùn mọ́ mi bẹ́ẹ̀ rí. Igi líle ni gbogbo rẹ̀. Àwọn òpó nínípọn dúró láti ilẹ̀ dé òkè, àtẹ̀gùn ń yí po láàárín wọn nínú igun mẹ́rin. Gbogbo pákó tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀ ló ní ahọ́n lẹ́nu. Ahọ́n yẹn la igi tó gbé e ró kọjá, ó yọ sí òdìkejì. Wọ́n lu ihò sí ibi tó yọ, wọ́n sì gbá èèkàn igi wọ ihò náà kí ahọ́n má lè padà. Kò sí ìṣó. Kò sí skúrù. Gbogbo èèkàn náà wà ní gbangba, wọn kò fi nǹkan kan bò ó, ẹni tó bá ń gòkè yóò rí ohun tó di àtẹ̀gùn mú. Bí igi bá gbẹ tó sì sún kì, ẹ óò kàn mú òòlù, ẹ óò gbá èèkàn wọlé díẹ̀ sí i.

Ara kẹ̀kẹ́ ẹrù tí màlúù ń fà ló ti rí i, èyí tí àwọn ará oko Bràsílì ti ń kàn láti ayébáyé. Àkítẹ́ẹ̀tì tó gboyè ní Róòmù ló bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo kẹ̀kẹ́ màlúù! Èmi mọ irú ìsopọ̀ yẹn. Ara ìlẹ̀kùn ìrókò ni ọ̀gá mi ti kọ́ mi. Àwa tó lè fi ọwọ́ gbẹ́ ẹ kó ṣe rẹ́gí kò pọ̀ mọ́ ládùúgbò wa, ìdí rẹ̀ sì ni pé kò sí ẹni tó ń ya á fún wa kàn.

Ẹ jẹ́ kí n fi ti ọmọ mi kún un. Ó ya àga tirẹ̀ fún iṣẹ́ kíláàsì, ó dára lójú, ó yí i síwá sẹ́yìn fún mi lórí kọ̀ǹpútà. Mo rí i pé ẹsẹ̀ àga náà kàn fẹnu ko ìjókòó lásán ni. Mo bi í pé kí ló dì wọ́n mú. Ó ní, "Káfíńtà máa mọ̀ ọ́n." Ọ̀rọ̀ yẹn kò bí mi nínú, torí ọmọ dáadáa ni. Ṣùgbọ́n wọ́n fún un ní máàkì tó ga lórí àga tí kò lè dúró, ìyẹn ló sì jẹ́ kí n mú bírò.

Ní 1964 ṣọ́jà gba ìjọba ní Bràsílì, iṣẹ́ Lina ní Bahia parí. Ní 1965 ó yẹ kí wọ́n pàtẹ àwọn ohun tó kó jọ yẹn ní Róòmù, àwọn aṣojú ìjọba Bràsílì ní kò ní ṣẹlẹ̀. Ife agolo àti fìtílà gílóòbù, ìjọba ń bẹ̀rù wọn! Láàárín ọdún tí iṣẹ́ kò fi bẹ́ẹ̀ wá yẹn ló ṣe àga kan, 1967, tó fi ẹ̀ka igi mẹ́rin ṣe. Ó kàn fi okùn so wọ́n pọ̀, ìjókòó dé. Irú èyí tí èèyàn lè ṣe sí ẹ̀bá ọ̀nà kó fi sinmi. Àwọn kan á ní ẹ̀fẹ̀ ni. Mo gbìyànjú irú rẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ iṣẹ́ mi, ó gba ara mi, n kì í sì í ṣe èèyàn kékeré.

Ilé MASP tó wà lójú pópó Avenida Paulista lónìí, láti 1957 ló ti wà lórí rẹ̀, ó parí ní 1968, Ọbabìnrin Elizabeth ti Gẹ̀ẹ́sì wà níbi ìṣílé. Òpó mẹ́rin péré ló gbé gbogbo ilé náà sókè, òpó sí òpó sì tó nǹkan bíi mítà 70, kí abẹ́ rẹ̀ lè ṣófo fún aráàlú. Wọ́n ń tajà níbẹ̀, wọ́n ń ṣe ìwọ́de níbẹ̀. Ti kọ́ǹkéré yẹn, ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n jù mí. Èmi ń wo bó ṣe gbé àwòrán ró nínú rẹ̀. Kò fi wọ́n kọ́ ara ògiri. Ó ri dígí kan mọ́ inú bulọ́ọ̀kù kọ́ǹkéré, ó fi àwòrán sára dígí, orúkọ ẹni tó yà á wà lẹ́yìn, kí ẹ lè kọ́kọ́ wo àwòrán kí ẹ tó mọ̀ bóyá ẹni ńlá ló yà á. Kí ló di dígí mú nínú bulọ́ọ̀kù? Igi ṣóńṣó tí wọ́n há sí i. Iṣẹ́ káfíńtà ló gbé àwòrán olówó iyebíye dúró! Wọ́n kó gbogbo rẹ̀ kúrò ní 1996, wọ́n ní kò bá ìgbà mu mọ́, wọ́n tún kó o padà ní 2015.

Èyí tí mo fẹ́ kí ẹ fi kọ́ àwọn ọmọ ju gbogbo rẹ̀ lọ ni SESC Pompéia. SESC jẹ́ àjọ tí àwọn oníṣòwò Bràsílì ń náwó sí fún ẹ̀kọ́ àti fàájì àwọn òṣìṣẹ́. Wọ́n ra ilé-iṣẹ́ àtijọ́ kan ní São Paulo níbi tí wọ́n ti ń ṣe dúrọ́ọ̀mù irin nígbà kan. Ní 1976 Lina lọ wò ó, ibẹ̀ dá páropáro. Ó padà lọ ní Sátidé kan, ó bá àwọn ọmọdé tó ń sáré kiri, àwọn ọ̀dọ́ tó ń gbá bọ́ọ̀lù lábẹ́ òrùlé tó ń jò, àwọn ìyá tó ń sun ẹran. Ó ní iṣẹ́ òun ni kí gbogbo ìdùnnú yẹn má ṣe dáwọ́ dúró. Nítorí náà kò wó ilé náà. Ó kàn bó ìdọ̀tí ara ògiri bíríkì rẹ̀, ó fi omi gba inú rẹ̀ kọjá, ó kọ́ ibi ìkàwé, ibi iṣẹ́ ọwọ́ àti tíátà sí i.

Ọdún 1977 sí 1986 ni wọ́n fi ṣe é. Òun àti àwọn ọ̀dọ́ àkítẹ́ẹ̀tì méjì, André Vainer àti Marcelo Ferraz, gbé ọ́fíìsì wọn lọ sí inú ibi iṣẹ́ náà. Wọ́n ń yàwòrán láàárín ọ̀rọ̀ birikìlà, bí nǹkan kan kò bá ṣeé kọ́ wọ́n mọ̀ lọ́jọ́ yẹn gan-an. Lẹ́yìn ilé àtijọ́ yẹn ni wọ́n kọ́ ilé eré ìdárayá méjì tó ga fíofío sí, nítorí omi kan gba abẹ́ ilẹ̀ láàárín, kò ṣeé kọ́lé lé. Afárá kọ́ǹkéré ló so àwọn méjèèjì pọ̀. Fèrèsé ọ̀kan kò rí bíi fèrèsé rárá, ihò wúruwùru ni, kò ní dígí, àsẹ́ onígi tí wọ́n kùn ní pupa ni wọ́n ń fà bò ó. Àga tíátà rẹ̀ nìkan ni mo ní ẹjọ́ lórí rẹ̀. Pákó gidi ni, kò ní tìmùtìmù. Nígbà tí àwọn èèyàn ráhùn, ó ní àwọn ará àtijọ́ jókòó sórí òkúta wo eré, wọn kò kú. Èmi tó ń ta àga mọ̀ pé oníbàárà kò ní gba irú èsì bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ mi!

Ó tún padà sí Salvador ní 1986, nígbà tí ṣọ́jà ti lọ, láti tún àwọn ilé àtijọ́ àárín ìlú ṣe. Ọ̀kan nínú wọn ni Casa do Benin ní Pelourinho, àdúgbò àtijọ́ inú Salvador, tó ṣí ní 1988, tí wọ́n kó àwọn ohun tó ti Ìlú Olómìnira Benin wá sí. Pierre Verger, Faransé tí a mọ̀ sí Fátúmbí láti ìgbà tó gba Ifá ní Kétu, wà nídìí rẹ̀. Lina fi imọ̀ híhun wé àwọn òpó kọ́ǹkéré inú ilé náà láti ìsàlẹ̀ dókè. Ilé oúnjẹ ibẹ̀ ni òun, Marcelo Ferraz àti Marcelo Suzuki ya Girafa fún, àga tí ọmọ mi fi hàn mí. Ẹ wá wò ó: àga tó ń da àwọn ọmọ wa láàmú ní kíláàsì, ilé tí wọ́n tún ṣe nítorí tiwa lókè òkun ni wọ́n yà á fún.

Ọ̀nà àárín Bahia àti ilẹ̀ wa kò sì tutù rí. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn Agudà tó ti Bahia padà sí Èkó ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, káfíńtà àti birikìlà ni wọ́n. Mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey tó ṣí ní 1894, ọ̀kan nínú wọn, João Baptista da Costa, ló kọ́ ọ. Nígbà náà ẹni tó yà á àti ẹni tó kọ́ ọ kì í jìnnà síra wọn tó bí wọ́n ṣe jìnnà lónìí.

Lina kú ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹta ọdún 1992 nínú ilé onídígí rẹ̀. Ilé tó kọ́ láyé rẹ̀ kò pọ̀. Ní 2021 ni ìpàtẹ iṣẹ́ ilé kíkọ́ ti Venice tó fún un ní ẹ̀bùn Kìnnìún Wúrà, ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n lẹ́yìn tó ti lọ.

Ẹ̀yin ọ̀gá mi, ohun tí mo fẹ́ gan-an nìyí. Kí ẹ yọ ọ̀sẹ̀ mẹ́rin nínú ọdún kẹta àwọn ọmọ náà, kí ẹ pín wọn sí ṣọ́ọ̀bù, ẹni méjì sí ọ̀gá kan. Ẹ bá ẹgbẹ́ káfíńtà sọ̀rọ̀, wọ́n ní alága àti akọ̀wé ní gbogbo ìlú, wọn yóò gbà. Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan ya àpótí ìjókòó kan, kó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kàn án láìlo ìṣó, kó gbé e wá síwájú yín, kí ẹ̀yin olùkọ́ jókòó lé e lórí kí ẹ tó fún un ní máàkì. A kò ní gba owó lọ́wọ́ wọn. Igi arère ni a óò kọ́kọ́ fún wọn bà jẹ́, ọ̀gánwó ti wọ́n jù. Kí wọ́n wọ bàtà tó bo ẹsẹ̀, kí obìnrin inú wọn di irun, kí wọ́n sì jẹun kí wọ́n tó dé, torí aago méje àárọ̀ la máa ń ṣílẹ̀kùn.

Èmi ni tiyín,
Káfíńtà kan ní Ìbàdàn